Ìyá Mi Ń Bẹ̀rù Iṣẹ́ Abẹ Ojú: Ǹjẹ́ Fóònù Lè Bá Wa Pinnu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 71 ni ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ìbàdàn. Dókítà ojú sọ pé kàtáráàtì ti wà ní ojú wọn méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé ìrànwọ́ kan tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ pinnu lórí kàtáráàtì ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ mi bi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá léèrè, ẹ̀rọ náà ní kí a tètè lọ ṣe é. Màmá fúnra wọn ń sọ pé aládùúgbò àwọn kan ṣe é, kò sì ríran mọ́. Ṣé ó tọ́ kí a fi irú àwọn nǹkan orí fóònù yìí pinnu ọ̀rọ̀ ojú? Èwo ni kí a gbà gbọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó mú Màmá lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í béèrè títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, tí ohun tí wọ́n rí kò sì ní bá ohun tí wọ́n ń retí mu. Àwọn irinṣẹ́ orí fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ gidigidi, bí ẹ bá lò wọ́n láti fi mú Màmá gbaradì fún ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá dókítà tí ó ti yẹ ojú wọn wò sọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó lè rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ó bá sì ń pàṣẹ fún yín pé kí ẹ lọ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é ti kọjá àyè rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pinnu gan-an. Nínú ojú, lẹ́yìn ibi dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, lẹ́ńsì kan wà tí a dá mọ́ wa, tí ó máa ń mọ́ kedere nígbà èwe. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni ó ń di kùrukùru. Ìtọ̀ ṣúgà, ìfarapa ojú àti lílo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́ sì lè mú kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kùrukùru yìí ni kàtáráàtì. Kò sí oògùn kíkán sójú, kò sì sí àgbo tí a tíì fi ẹ̀rí hàn pé ó ń mú un kúrò. Oníṣègùn ni yóò yọ lẹ́ńsì tí ó ti ṣú, tí yóò sì fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ní i, kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì. Lóòótọ́, bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, lẹ́ńsì náà yóò le koránkorán, iṣẹ́ abẹ yóò sì ṣòro sí i; nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè wú kí ó sì mú kí ojú ru, ìyẹn kí agbára tí omi inú ojú fi ń tì í láti inú ga jù. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ tí Màmá bá fi ronú kì yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́, bí kò bá sí àìsàn mìíràn nínú ojú wọn. Ohun tí ó wà níwájú wọn ni bóyá ohun tí kàtáráàtì ń gbà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ ti pọ̀ tó láti gbà kí abẹ kan ojú. Màmá nìkan ni ó lè dáhùn ìyẹn.

Ojú ìwòye yìí náà ni àwọn tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ England, ìyẹn àjọ NICE, tẹ̀ lé ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi iye lẹ́tà tí ènìyàn lè kà lára pátákó ìdánwò ojú dí i lọ́nà iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì. Wọ́n ní kí dókítà bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí bí ojú náà ṣe ń dà á láàmú, lórí ewu àti àǹfààní, lórí bí ìgbésí ayé rẹ̀ yóò ti rí bí kò bá ṣe é, àti lórí bóyá òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìwé ìrànwọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ wá láti inú èrò kan náà. NHS England gbé irú rẹ̀ jáde fún kàtáráàtì ní ọdún 2022, wọ́n sì ṣe òmíràn fún gílákómà, àìsàn tí ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́. Mo fẹ́ràn ìwé náà, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kà á, nítorí pé ó gbé ṣíṣe iṣẹ́ abẹ àti dídúró ná kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfi ọwọ́ ti ènìyàn sí apá kan. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àṣà tuntun tí a kò tíì dán wò. Láti ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fi ẹnu kò lórí ìlànà tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé, lábẹ́ ètò tí a ń pè ní IPDAS. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tún ṣe ní ọdún 2024 sì yẹ ìwádìí 209 wò lórí oríṣiríṣi ìpinnu ìṣègùn: àwọn tí ó lò wọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n ju àwọn yòókù lọ, wọ́n mọ ìwọ̀n ewu bí ó ti rí gan-an, ọkàn wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ láti sọ fún yín pé àkókò tí ẹ bá fi jókòó tì í kò ní ṣòfò.

Ìṣòro ìwé náà fún yín ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn iye inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá. NHS sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ewu kí ojú tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún pàdánù ìríran títí láé tó nǹkan bí ẹnì 1 nínú 1,000. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ ni ó tètè wá, nígbà tí lẹ́ńsì wọn kò tíì le. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ń wá nígbà tí ojú ti funfun báláú, àwọn mìíràn sì ní gílákómà tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé iye Lọ́ńdọ̀nù wá sí Ìbàdàn bí ó ti wà. Ẹ bi dókítà yín léèrè pé: nínú 100 ojú tí ẹ ṣe níhìn-ín, mélòó ni ó ń rí dé ìwọ̀n 6/18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìtumọ̀ 6/18 ni pé ẹni náà dúró ní mítà 6 kí ó tó rí ohun tí ojú tí ó dá ṣáká ń rí láti mítà 18. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi lélẹ̀ tipẹ́ ni pé, pẹ̀lú awò ojú tí aláìsàn ní lọ́wọ́, ó kéré tán 80 nínú 100 ni ó yẹ kí ó rí dé ibẹ̀, kí àwọn tí ìríran wọn burú ju 6/60 lọ má sì tó 5. Dókítà tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Èyí tí ó bá bínú ti jẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan.

Bí ìwé tàbí áàpù kan bá ń sọ iye ewu, ẹ wò ó bóyá ó sọ ọ́ ní apá méjèèjì. "Ẹnì 1 nínú 1,000 ni kò ní ríran mọ́" àti "ẹni 999 nínú 1,000 ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n èkíní ń dẹ́rù bani, èkejì ń fini lọ́kàn balẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ ọ̀kan ṣoṣo ti ń darí yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Àwọn irinṣẹ́ tí ó dára jù lọ máa ń ya àwòrán ènìyàn 100 tàbí 1,000 kéékèèké, tí wọn yóò fi àwọ̀ mìíràn kun àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Màmá tí kò bá lè kà nítorí kàtáráàtì gan-an kò ní rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Irinṣẹ́ tí mo rò pé yóò wúlò jù lọ fún Màmá kò tilẹ̀ ní ohun ìyanu kankan nínú. Ìbéèrè lásán ni. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì ti orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ láti ọdún 1992, wọ́n ń lo ìwé ìbéèrè kan tí a ń pè ní Catquest-9SF, tí ìbéèrè mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀: ṣé ó nira fún ọ láti ka ìwé ìròyìn, láti dá ojú ẹni tí o bá pàdé mọ̀, láti rí iye owó ọjà, láti rìn ní ibi tí ilẹ̀ kò ti tẹ́jú, láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́, láti ka ohun tí a kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, àti irú àwọn bẹ́ẹ̀, títí kan bóyá ìríran rẹ tẹ́ ọ lọ́rùn. Ní Bristol, àwọn oníṣègùn ṣe èyí tí ó kúrú sí i, Cat-PROM5, tí ó ní ìbéèrè márùn-ún. Ẹ mú èrò inú wọn, kí ẹ sì fi ìgbésí ayé Màmá wọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n ṣì ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti igba náírà ní ìrọ̀lẹ́? Ṣé wọ́n ń mọ búlúù yàtọ̀ sí dúdú lára aṣọ tí oníbàárà mú lọ́wọ́, àbí wọ́n ti ń pe ọmọ ìsọ̀ wá wò ó? Ṣé wọ́n ń rí etí gọ́tà kí ẹsẹ̀ wọn tó kàn án? Ṣé wọ́n ti dẹ́kun lílọ sí òde ayẹyẹ nítorí pé wọn kò dá àwọn ènìyàn mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn ènìyàn sì ń rò pé wọ́n ń gbéra ga? Ṣé wọ́n ń ka Bíbélì tàbí Kùránì fúnra wọn? Ẹ jẹ́ kí Màmá dáhùn kí ẹ̀yin tó sọ tiyín, nítorí pé ọmọ sábà máa ń rò pé ìyá òun kò rí nǹkan kan mọ́, ìyá sì sábà máa ń fi ìṣòro náà pamọ́ kí wọ́n má baà ní kí òun fi ọjà sílẹ̀. Ẹ gba ìdáhùn wọn sínú fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ. Àkọsílẹ̀ yìí yóò tún wúlò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ lè mọ ohun tí ó yí padà.

Ọ̀rọ̀ nípa irú lẹ́ńsì tí wọn yóò fi sí i náà wà lára ìpinnu yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Lẹ́ńsì tí ó wọ́pọ̀ máa ń ríran dáadáa ní ọ̀nà kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀nà jíjìn, tí ẹni náà yóò sì máa lo awò fún ìwé kíkà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń polówó pé ó ń rí ọ̀nà jíjìn àti itòsí. Owó wọn ga, àwọn kan tí ó lò ó sì ń rí òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ yí iná mọ́tò ká lálẹ́. Bí ẹ bá rí áàpù tí ó ń fi àwòrán hàn yín bí ayé yóò ti rí pẹ̀lú lẹ́ńsì kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí ń ta lẹ́ńsì náà ni ó ṣe áàpù. Ẹ tún bi dókítà léèrè bóyá wọ́n ti wọn gígùn ojú Màmá àti bí iwájú ojú wọn ṣe tẹ̀ kọrọdọ tó, nítorí ìwọ̀n méjì yìí ni a fi ń mọ agbára lẹ́ńsì tí ó yẹ wọ́n, kí wọ́n má baà gba lẹ́ńsì tí a kàn fojú díwọ̀n.

Ní ti àwọn áàpù tí ń dán ojú wò, méjì ni mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Peek Acuity ni àwọn oníwádìí dán wò ní ìlú Nakuru ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015; ó ń fi lẹ́tà E tí a ń yí sókè sódò han ènìyàn, nítorí náà ẹni tí kò kàwé náà lè lò ó. WHOeyes jẹ́ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún ẹni tí ó ti ju ọmọ ọdún 8 lọ. Àwọn méjèèjì lè sọ bí Màmá ṣe ń ríran tó. Wọn kò lè sọ ìdí rẹ̀.

Ìdí yẹn sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 láàárín àwọn tí ó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, ẹni bí 4 nínú 100 ni kò ríran, kàtáráàtì ni ó fa nǹkan bí 43 nínú gbogbo 100 ìfọ́jú bẹ́ẹ̀, gílákómà sì fa nǹkan bí 17. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ni ó ní gílákómà, àwọn tí wọ́n sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní i kò tó 6 nínú 100 wọn. Gílákómà ń pa iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ, ohun tí ó bá sì ti mú lọ kì í padà. Bí kàtáráàtì àti gílákómà bá jọ wà nínú ojú kan, iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì lè dára láìní àbùkù, kí ẹni náà má sì ríran. Nítorí náà, kí ẹ tó ka iye kankan nínú ìwé ìrànwọ́ èyíkéyìí, ẹ bi dókítà bóyá ó ti wọn bí ojú Màmá ṣe ru tó, àti bóyá ó rí ẹ̀yìn ojú wọn. Bí gílákómà bá wà níbẹ̀, ìwé ìrànwọ́ ti kàtáráàtì nìkan kò tó mọ́.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò Màmá. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé irọ́ ni, ẹ má sì fi fídíò kankan bá wọn jiyàn. Ó lè jẹ́ pé gílákómà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò wọ ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ rárá, pé ẹnì kan ni ó fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì náà ṣubú sẹ́yìn nínú ojú, nítorí pé nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà yẹn, iye ojú tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún sún mọ́ ìdajì gbogbo ojú tí a tíì tọ́jú kàtáráàtì wọn. Ẹ jẹ́ kí Màmá fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn aládùúgbò náà fún dókítà, kí wọ́n sì béèrè pé: kí ni yóò jẹ́ kí tèmi yàtọ̀? Ìbànújẹ́ tí wọ́n fojú rí kò lè jáde lọ́kàn wọn nípa iye inú ìwé nìkan.

Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ọmọ yín lò kò rí ojú Màmá, kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru, kò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú ṣe. Nígbà tí ó ní kí ẹ "tètè" lọ, ohun tí a sábà máa ń kọ ni ó tún sọ. Mo tún ń bẹ̀rù èdè wa lẹ́nu rẹ̀: àmì ohùn lè ṣì í lọ́wọ́, gbólóhùn lè dà bí Yorùbá kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti yí, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú bí a ṣe ń lo oògùn kíkán sójú sì léwu. Ẹ má ṣe bi í bóyá kí Màmá ṣe é. Ẹ ní kí ó to ìbéèrè tí ẹni ọdún 71 yẹ kí ó bi oníṣègùn kí ó tó gba iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì jọ fún yín, kí ẹ mú àwọn tí ó kàn yín nínú wọn, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní irú iṣẹ́ yẹn, ó ń ṣe dáadáa. Ẹ má sì gbé àwòrán ojú Màmá tàbí káàdì ilé ìwòsàn wọn sínú rẹ̀, tàbí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn àjèjì wà. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì.

Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó ń mú òbí lọ sí ilé ìwòsàn mọ̀. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé olùtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò ìlera rẹ̀, oríṣi ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó wọn, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó sì ní kí a sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́ níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ní ọ̀nà tí ó bá ìwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá fún Màmá ní fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ka sí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì tọrọ àyè láti gba àlàyé náà sínú fóònù, kí Màmá lè tún un gbọ́ nílé nígbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo ti sọ, ohùn dókítà wọn ní èdè wọn ni mo fi ṣe èkíní.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi Màmá ní ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn oníwádìí ní Kánádà fi ń yẹ ọkàn ẹni tí ó fẹ́ pinnu wò, tí wọ́n ń pè ní SURE. Ṣé ó dá yín lójú pé èyí ni ó dára jù fún yín? Ṣé ẹ mọ àǹfààní àti ewu ti ṣíṣe é àti ti dídúró? Ṣé ẹ mọ èyí tí ó jẹ yín lógún jù nínú wọn? Ṣé ẹ ní àtìlẹ́yìn àti ìmọ̀ràn tí ó tó? Bí "rárá" kan bá wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má tíì mú ọjọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú "rárá" náà gan-an. Bí wọ́n bá gbà á, ojú kan ni kí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ná, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ní kí a dúró, ẹ béèrè ìgbà tí wọn yóò padà wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Yálà kí wọ́n tó ṣe é tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bí ojú Màmá bá ń dùn wọ́n gan-an, tí ó pọ́n, tí ìríran rẹ̀ sì dínkù lójijì, ẹ má ṣí áàpù kankan, ẹ má sì dúró de èsì ẹ̀gbọ́n yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwòsàn ojú ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.